Òṣùká Akínlàbí

Odó kò tíì dákẹ́ nígbà tí Ọ̀tún Òkè-Apá, olóyè tó tẹ̀lé ọba, wọ Abà Olódó. Akínlàbí dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àníkẹ́, ọmọ rẹ̀ tí ebi ti sọ di aláìlèdìde, ó jáde lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Inú Òkè-Apá ni gbogbo abà tó yí i ká ti ṣẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, Ọ̀tún a máa rin ààlà ká, a máa fọwọ́ kan àwọn pèrègún tí àwọn baba ńlá gbìn, kí abà kan má baà wọ ilẹ̀ èkejì. Abà tó bá dé ni yóò bọ́ ọ, ọkùnrin kan níbẹ̀ ni yóò sì ru igbá ẹrù rẹ̀ dé abà tó kàn. Oúnjẹ tí Ọ̀tún bá ṣẹ́ kù sì ni ti ẹni náà àti ilé rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Olódó ló máa ń kẹ́yìn. Àwọn ló ń ru igbá náà wọ ìlú. Lọ́dún yìí, Akínlàbí ló kàn.

Ṣùgbọ́n eéṣú ti jẹ oko run. Èèbù tó kù nílé ni Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, gún níyán.

"Bàbá, ẹ má bínú pé kò pọ̀," ni Àwẹ̀ró wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ọmọ ń retí ẹ̀yìn yín."

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ọbẹ̀ rẹ ń ta sánsán. Ní abà Elésùnsún, omi gbígbóná ni wọ́n ń pè lọ́bẹ̀!"

Akínlàbí ń wo ọwọ́ Ọ̀tún. Ẹ̀bá àwo ni Ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀, bí àgbà tó fẹ́ ṣẹ́ kù ti ń ṣe. Ọkàn Akínlàbí balẹ̀. Kò pẹ́, ọwọ́ náà dé àárín. Ó kọjá àárín. Níkẹyìn Ọ̀tún fi àtàǹpàkò nu ìdí àwo, ó lá a, ó sì da omi sínú àwo náà, ó fi ṣan ọwọ́.

Láti inú ilé, Àníkẹ́ béèrè pé, "Ìyá mi, ṣé wọ́n ti jẹ tán?"

Àwẹ̀ró gbé àwo òfìfo náà kúrò nílẹ̀.

"Bàbá," ni Akínlàbí wí, "ti àwa tí a fẹ́ rù ú ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹun? Òkè-Apá ló bí baba ńlá rẹ. Bí ìlú bá ti yó, ẹ̀yin náà yó nìyẹn. Ó yá, gbé e."

Akínlàbí gbé e. Igbá náà wúwo. Obì, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ gbogbo abà ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, ó kúnlẹ̀, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí nǹkan má baà fọ́. Ó bọ́ òṣùká kúrò lórí rẹ̀, ó fi lé Ọ̀tún lọ́wọ́, ó sì yíjú sí ọ̀nà ilé. Ọ̀tún bú u. Ó tún bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn Akínlàbí nìkan ló ń rí.

Lójú gbogbo ìlú ni Ọ̀tún ṣe wọlé pẹ̀lú igbá lórí, òógùn ń ro gba ọrùn rẹ̀. Wọ́n ní ta ni kò wá rù ú. Ó kọjá lára wọn.

Níbẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un pa lówe pé: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.