Ibi tí Òkun Kó Iyanrìn Lọ

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o! Àlọ̀! Àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí etí òkun, ó bá Alákàn, opó tó sin ọkọ rẹ̀ sínú iyanrìn.

Ìgbì kìíní wó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èkejì wó yàrá. Ẹ̀kẹta kó iyanrìn sàréè ọkọ rẹ̀ lọ. Alákàn tẹ̀ lé omi, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkun, níbo lo kó o sí?
*Ìgbì ń lọ, ìgbì ń bọ̀.*

Ní ọjọ́ keje, ó dé ibi tí òkun ti fi iyanrìn náà tẹ́ ilẹ̀ tuntun, funfun, tó lọ salalu. Ẹnu yà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú.

“Ìyá Alákàn!” Ẹyẹ Òkun ké. “Ẹyin mi lẹ fẹ́ kó relé yẹn o!”

Alákàn rọra da iyanrìn padà.

“Ọkọ mi fẹ́ràn ọmọ,” ó ní. “Máa sàba.”

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fẹsẹ̀ tì.