Ṣùṣù Irun Ìpàkọ́

Ìyá kan wà nílùú àwọn Ásítéèkì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Mẹ́síkò lónìí, láyé ìgbà tí ìlú náà ń fi ogun dàgbà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó bí. Ọjọ́ tí ọmọ náà dáyé, agbẹ̀bí gé ìwọ́ rẹ̀, ó gbé e fún àwọn jagunjagun kí wọ́n lọ rì í sí pápá ogun. Ìwọ́ ọmọbìnrin, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni wọ́n ń rì í sí. Kò sẹ́ni tó bi ìyá léèrè.

Àṣà wọn ni pé kí ọmọkùnrin dá ṣùṣù irun kan sí ní ìpàkọ́. Kò gbọdọ̀ gé e títí yóò fi mú ọ̀tá kan láàyè lójú ogun. Ọmọ yìí lọ sógun, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó tún lọ, ó tún bọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ oko ló mọ̀. Ó ń wa ẹrẹ̀ adágún jọ, ó ń fi kọ ebè sórí omi, àgbàdo rẹ̀ a sì máa yọmọ ju ti gbogbo aládùúgbò lọ. Ṣùgbọ́n àgbàdo kì í gé irun ẹni. Bí ó bá ń kọjá, àwọn ọmọge á ní, "Ẹ̀gbọ́n onírun ìpàkọ́, ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ni?"

Ó fara da tiwọn. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń fi òòyà ya irun náà fún un, kì í sì í sọ nǹkan kan. Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọmọ aládùúgbò wọn gé tirẹ̀, tí ọba fi aṣọ ta á lọ́rẹ. Ìyá bá la ẹnu.

"Ìgbà wo ni n óò ṣíwọ́ yíya irun ọmọdé lórí àgbàlagbà?"

Ọmọ náà dìde. "Ẹ gbé òòyà yẹn pamọ́, ìyá mi. Ẹ ò ní lò ó fún mi mọ́."

Ogun tó lọ kì í ṣe ogun ilẹ̀, kì í ṣe ogun ẹ̀san. Ìlú méjì ló jọ fẹnu kò lórí pápá kan, kí oníkálukú lè rí èèyàn mú lọ fi bọ òòrùn.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń wọlé bọ̀, ìyá ń wo ìpàkọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí ti ọmọ rẹ̀. Ó bi ọmọ aládùúgbò náà bóyá wọ́n ti gé irun ọmọ òun.

"Wọ́n ti gé e, ìyá. Àwọn tó mú un ló gé e."

Nítorí ẹni tó bá mú èèyàn a máa gé irun onítọ̀hún pamọ́ kí wọ́n tó pa á. Nílùú kejì, ìyá mìíràn ń jó, torí pé ọmọ tirẹ̀ mú ọ̀tá bọ̀ láàyè, wọ́n sì ti gé ṣùṣù irun rẹ̀. Òun náà ti bi ọmọ rẹ̀ rí pé ìgbà wo.

Àwọn ọmọge wá kí ìyá. Wọ́n ní kó má sunkún, pé ikú ọkùnrin ni ọmọ rẹ̀ kú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àgbàdo gbẹ lórí ebè.

Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Mo gbọ́ bí o ṣe ń bi ọmọkùnrin rẹ nídìí oúnjẹ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gba aṣálẹ̀ lọ sókè òkun, ṣé orí méjì ni wọ́n ní. Ọmọ tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe, tó ń jẹun níbẹ̀, tó ń sùn nílé. Bí ará àdúgbò bá fi í ṣẹ̀sín, yóò fara dà á. Tìrẹ ni kò ní lè fara dà. Bí ó bá sì lọ tí kò dé, àwọn ará àdúgbò kan náà ni yóò wá sọ fún ọ pé ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Lọ́la, bí ó bá jókòó, bu ọbẹ̀ fún un, kí o sì panu mọ́.