Bí Bùsàrí Ṣe Yọ Taya Eléegun

Oníṣòwò aṣọ òfì ni Bùsàrí, ará Ìsẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì máa ń yá ju ìrònú rẹ̀ lọ. Ẹnu yìí ló fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Làmídì, ní olè níṣojú gbogbo mọ̀lẹ́bí nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ baba wọn. Kò pẹ́ tí òtítọ́ fi hàn pé Làmídì kò mú ju ìpín rẹ̀ lọ, àmọ́ ojú ń ti Bùsàrí, kò lè lọ bẹ̀ ẹ́. Làmídì wà ní Ọ̀yọ́, Bùsàrí wà ní Ìsẹ́yìn, ọdún mẹ́fà sì kọjá láìsí ẹ kú àárọ̀.

Ní ọdún kẹfà yìí ni Bùsàrí ra ọkọ̀ kan tí taya rẹ̀ yàtọ̀. Bí ìṣó bá gún un, tí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le débi pé ó ṣì lè gbé ọkọ̀ rin ọgọ́rin kìlómítà. Taya eléegun ni àwọn fọkanáísà tó ń lẹ taya ní Ìsẹ́yìn ń pè é. Nítorí èyí, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò fi sípíà, taya àfipamọ́, sínú búùtù rẹ̀, wọn kò sì fi jáàkì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n taya náà le jù: gbogbo kòtò ọ̀nà ni Bùsàrí ń fi ìbàdí kà. Nígbà tí méjì nínú wọn jẹ tán, ó wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Oyèkànmí fọkanáísà.

"Yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o fi taya lásán sí i fún mi. Ìbàdí mi kì í ṣe odó."

Oyèkànmí ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ó wá ṣí búùtù wò. Ìdì òfì ló kún un dẹ́nu.

"Bàbá Ṣẹ́kínà, ó ku ọ̀kan o," ó wí fún Bùsàrí. "Eléegun kì í dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ìyẹn ni kò ṣe ní sípíà. Taya lásán máa ń dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká wá ìkarùn-ún, kí ẹ ra jáàkì mọ́ ọn."

"Ibo ni kí n gbé e sí? Àyè ìdì òfì méjì ni taya kan máa gbà. Màá rà á tó bá yá."

Ọkọ̀ wá ń lọ jẹ́jẹ́, inú Bùsàrí ń dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rántí ìkarùn-ún mọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, Làmídì pè é. Bùsàrí kọ́kọ́ rò pé àṣìpè ni.

"Bùsàrí, mò ń lọ sí Mẹ́kà lọ́la. Bí a bá ti kírun Alásárì tán, bọ́ọ̀sì wa á gbéra. Ẹni tó ń lọ sí hájì kì í gbé ìjà dání. Má sọ nǹkan kan lórí fóònù. Wá, kí a fojú kojú."

"Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Omi bọ́ lójú Bùsàrí. Ẹ̀bẹ̀ tó ti ń gbé mì fún ọdún mẹ́fà ti wá débi ọ̀fun rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Aílà, ó gbéra. Ìwà oníṣòwò kì í kúrò lára ẹni: ó ní òun ò ní lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ òfo, ó di òfì kún búùtù. Nígbà tó kọjá Fáṣọlá, irin kan gún taya ẹ̀yìn kan, gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ọkọ̀ tẹ̀, ó dúró. Ìyókù ọ̀nà kò tó ogún kìlómítà. Eléegun ì bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà Làmídì wọ́ọ́rọ́wọ́.

Awakọ̀ kan dúró, ó gbé sípíà tirẹ̀ wá, ihò rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ Bùsàrí mu. Ọlọ́kadà kan tún dúró.

"Bàbá, ẹ gùn ún ká lọ."

Bùsàrí wo ọ̀nà, ó wo búùtù. Ta ni yóò ṣọ́ òfì? Ó ní kí ọlọ́kadà náà bá òun mú fọkanáísà wá láti Ọ̀yọ́. Ìgbà tó fi yé e pé ìdì aṣọ ni òun ń ṣọ́, tí ẹ̀gbọ́n òun ń lọ, oòrùn ti rọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó gun ọ̀kadà mìíràn.

Nígbà tó dé ilé Làmídì, ẹní ìkírun rẹ̀ nìkan ló bá nílẹ̀. Ìyàwó Làmídì kúnlẹ̀ kí i.

"Ọkọ mi, ó dúró dè yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ dẹ́rẹ́bà kó ṣe sùúrù. Ó ní òun ti dárí jì yín, àmọ́ òun fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà lẹ́nu yín. Ó ní tí òun bá dé, ẹ ó jọ sọ ọ́."

Làmídì kò dé. Ó ṣubú lulẹ̀ nínú ooru Mẹ́kà, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ìdáríjì kúkú ti wà, kí ló tún wá ń dun Bùsàrí? Ẹ̀bẹ̀ tí kò rí ẹni gbà á mọ́ ló ń dùn ún.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó lọ sí ìsọ̀ Oyèkànmí, ó ní òun wá ra ìkarùn-ún. Àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ kí i kú ará fẹ́ra kù. Gbólóhùn kan péré ló sọ, òun náà ni wọ́n gbé kiri ìlú, tó fi jẹ́ pé lónìí, ẹni tí kò ní mọ́tò pàápàá ń fi í kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń sọ pé "tó bá yá": Taya mẹ́rin ló ń gbé ọkọ̀ jáde, ìkarùn-ún ló ń gbé e dé ibi tó ń lọ.