Ọmọ Gbogbo Ilé

Ọkùnrin kan wà, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọ̀kan nínú àwọn tí à ń pè ní wẹ́fíà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa dáàbò bo ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ tàbí tí wọ́n pa tì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Múfútáù, kí n tètè sọ ìyẹn fún ọ, torí tí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí, o máa fẹ́ bú u. Má bú u. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, mo ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì nígbà náà, síbẹ̀ tí mo bá rántí rẹ̀, orí mi kì í gbé e.

Olùkọ́ kan ló wá bá a ní ọ́fíìsì nígbà ọyẹ́. Obìnrin náà ní ọmọ kan wà ní kíláàsì òun, ọmọ ọdún méje, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọ náà máa ń sùn lórí tábìlì, á máa ṣa oúnjẹ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jẹ kù, iná sì ti jó o lọ́wọ́ òsì, egbò náà ti ń rùn. Ó ní òun bi í pé ta ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Ọmọ náà ní, "Àwọn ará ilé wa ni."

Wẹ́fíà gbéra. Agbo ilé ńlá ni wọ́n júwe fún un, yàrá mẹ́rìnlá tó yí àgbàlá kan ká, Baálé jókòó síwájú òde. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún Baálé kó tó sọ ohun tó bá wá. Háà, ilé dàrú! Baálé fúnra rẹ̀ dìde lórí àga.

"Ta ló ní Àwẹ̀ró ò ní ẹni? Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu òwò ní Kùtọnu, ṣùgbọ́n ẹ wo ilé yìí, ọ̀gá. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Àbí ẹ̀yin kì í ṣe Yorùbá ni?"

Àwọn obìnrin ń gbè é láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. "Ọmọ mi ni! Ọmọ mi ni!" Ojú ti àlejò. Ó ń wò ó pé òun ti wá sọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn ènìyàn gidi.

Wọ́n bu omi fún un. Ọmọbìnrin kan ló gbé e dé, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún na ife sí i, ó sì fi tòsì pamọ́ sẹ́yìn. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Baálé ní, "Àwẹ̀ró náà nìyẹn. Ṣé ọmọ tí wọn ò kọ́ ló ń kúnlẹ̀ báyẹn?" Wẹ́fíà rẹ́rìn-ín. Ó bi ọmọ náà pé ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́. Kó tó la ẹnu, Baálé ti dá a lóhùn pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ náà wolẹ̀.

Ó yẹ kí wẹ́fíà ní kí ọmọ náà mú ọwọ́ náà jáde kóun wò ó. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe máa sọ ìyẹn lẹ́yìn tí Baálé ti sọ̀rọ̀ tán? Òpùrọ́ lo pè é yẹn, lójú àwọn ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà mu omi tán, ó dúpẹ́, ó padà sí ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà ní ènìyàn lẹ́yìn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni olùkọ́ tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń sunkún. Ó ní, "Sà, ọwọ́ ọmọ yẹn ti dúdú."

Wẹ́fíà sáré padà sí agbo ilé náà. Kò jókòó, kò gba omi. Ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni Àwẹ̀ró jẹ lánàá. Obìnrin àkọ́kọ́ ní ọ̀dọ̀ Ìyálé ló ti ń jẹun. Ìyálé ní, "Èmi kẹ̀? Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ni." Ìyá Ìbejì ní òun ti fún un lẹ́ẹ̀kan, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n ìyàwó kékeré ló ń bu oúnjẹ fún un. Ìyàwó kékeré ní ó dá òun lójú pé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni. Ó bi wọ́n pé níbo ló ń sùn, wọ́n tún yí i po bẹ́ẹ̀. Ó bi wọ́n pé ta ló ń fọ egbò, gbogbo wọn ló ti rí egbò náà, gbogbo wọn ló gbà pé ẹnì kan ti gbé e lọ ọsibítù. Òòyì ń kọ́ ọkùnrin náà. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un. Ó rí i lójú wọn pé kò sí.

Ilé ìdáná ni wọ́n ti bá ọmọ náà. Ibẹ̀ ló ń sùn nítorí òtútù ọyẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tí eérú ti máa ń gbóná di ìdájí. Ibẹ̀ náà ni iná ti jó o lójú oorun. Ìyálé rí ẹní àkísà tó ń sùn lé, ó dì mọ́ òpó, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Èmi ni mo fọ egbò yẹn nígbà tí ó gbé e dé ọsibítù wa, Múfútáù. Ìka méjì ló bá a lọ.

Wẹ́fíà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, fọ́ọ̀mù wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n ní kó kọ orúkọ ẹni tó pa ọmọ tì. Ó ní, "Màmá, ta ni kí n kọ?" Mo ní kó kọ Baálé. Ó ní Baálé ló fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé. Mo ní kó kọ Ìyálé. Ó ní Ìyálé ló ń di irun fún un. Mo ní ìyá rẹ̀ ńkọ́, tó lọ sí Kùtọnu. Ó ní inú agbo ilé yẹn kan náà ni wọ́n ti tọ́ ìyá náà dàgbà, kò sì sí ohun tó ṣe é. Inú bí mi. Mo ní, "Kọ ara rẹ nígbà náà!"

Ó ní, "Mo ti kọ ọ́ rí. Mo pa á rẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sì kábàámọ̀ tèmi. Títí dòní mi ò mọ orúkọ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ti rò ó, mo ti rò ó.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Àwẹ̀ró máa padà sílé, ọkùnrin náà ò gba "gbogbo wa la ó máa tọ́jú rẹ̀" mọ́. Ó ní kí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ síwèé pé òun ló máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n bínú. Wọ́n ní ṣé ó fẹ́ pín ọmọ ni. Ó dúró síbẹ̀ títí. Ìyàwó kékeré ló bọ́ síwájú nígbẹ̀yìn, tó ní, "Yàrá mi ló máa sùn." Ibẹ̀ ló sì sùn títí ó fi lọ ilé ọkọ.

Ó ku tìrẹ wàyí. O wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní ọmọ kan ń sunkún nínú yàrá tó kángun sí tìrẹ, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, o sì ti ń gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O ní lanlọ́ọ̀dù á ti gbọ́. O ní ìyá oníbúrẹ́dì ló kọjú sí yàrá náà gan-an. O ní bóyá ẹnì kan ti lọ sọ fún wẹ́fíà. Yàrá mélòó ló wà nínú ilé yín? Mẹ́jọ. Lọ bi àwọn yòókù. Wọ́n á ní bóyá Múfútáù ti lọ.

O ní o ò fẹ́ dá sí ọ̀ràn ilé onílé, ọkàn rẹ dàrú, o ò mọ èyí tó tọ́. Tèmi náà dàrú. Àárín ìdàrúdàpọ̀ yẹn náà la ó ti dìde. Wọ bàtà rẹ, ọ́fíìsì wọn ò tíì tì. N ó bá ọ lọ, kí n ṣáà mú ìborùn mi. Ṣùgbọ́n tí a bá débẹ̀, ìwọ ni o máa sọ̀rọ̀. Èmi ò gbọ́ igbe ọmọ kankan, ìwọ lo gbọ́ ọ.