Ẹni Tó Ní Òun Á Bá Wa Gbọ́ Ọ

Fọlárìn, wọ́n ní ìwọ náà nawọ́ sókè níbi ìpàdé àná. Wọ́n ní o sọ pé tí ẹgbẹ́ wa bá lọ sí àpérò, ìwọ ni wàá máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sórí búlọ́ọ̀gì fún àwọn tí kò lè lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Kí o tó máa yọ̀, jókòó sí ibí yìí.

Ọkùnrin kan wà láàárín àwa dókítà ẹran tó nawọ́ sókè bíi tìrẹ. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde tó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ò bá ráyè wá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ máa kà á kí ilẹ̀ tó ṣú." A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àpérò dé, wọ́n fún un ní káàdì tó gbé kọ́rùn, wọ́n sì mú un jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn àgbà ẹgbẹ́.

O mọ àṣà wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí a máa ń pín lẹ́nu ọ̀nà. A ti wá gbà pé ohun tó wà nínú ìwé yẹn náà ni wọ́n máa wá kà fún wa, nítorí náà ìta lọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà, tí wọ́n ń kí ara wọn tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ọkùnrin yìí ro ó títí, kò rí ìdí tí òun á fi máa fìdí jóná lórí àga. Inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló ti wo inú ìwé náà, tó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ pé gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì pa!

Obìnrin kan wà lára àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀, àgbà nídìí ìwádìí adìyẹ. Ohun tó fi ránṣẹ́ ni pé a lè po oògùn aràn mọ́ àjẹsára nínú omi kan náà fún adìyẹ tó ń yé ẹyin. Nígbà tó dìde, kò ka ìwé kankan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí mo kọ síbẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn tí mo fi ránṣẹ́ ni àwọn adìyẹ tí mo fi dán an wò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èmi ni mo ṣì í. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tí kò sí níbí."

Ní àkókò yẹn, ọkùnrin wa wà níta, ó dúró ti ààrẹ ẹgbẹ́ láti ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n yà á tán, ó tẹ fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti kọ sílẹ̀ sì bọ́ sórí búlọ́ọ̀gì. Ó yára lóòótọ́.

Dókítà ọ̀dọ́ kan wà ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn odò. Òun nìkan ló ń tọ́jú ẹran agbègbè náà, ọ̀gá rẹ̀ kò sì fún un láyè láti wá. Orí àpáta ló gùn kí fóònù rẹ̀ tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ka búlọ́ọ̀gì náà, inú rẹ̀ dùn. Opó kan wà nítòsí rẹ̀ tó jẹ́ pé adìyẹ ló fi ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni dókítà náà kọ́kọ́ lọ. Ó po oògùn náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Adìyẹ yẹn kú tán. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn bi í pé, "Dókítà, ṣé ohun tí ẹ ní kí n fún wọn nìyí?"

Nígbà tí ẹnìkan tó ti àpérò dé wá sọ fún ọmọkùnrin dókítà yẹn ohun tí màmá olùwádìí sọ, ó pe ọkùnrin wa lórí fóònù. Kò bú u. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tí màmá ń sọ̀rọ̀, ṣé ẹ wà nínú gbọ̀ngàn?"

Ọkùnrin wa ní, "Àbúrò, ṣebí ọ̀fẹ́ ni mo ń bá yín ṣe é."

Ọmọkùnrin náà dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n pàtẹ́wọ́ sà." Ó sì pa fóònù rẹ̀.

Nígbà tí ọdún parí, ẹgbẹ́ fún ọkùnrin yìí ní àmì ẹ̀yẹ, pé kò sẹ́ni tó ń yára mú ìròyìn wá bíi tirẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi wà nínú àpò títí wọ́n fi ṣe é tán. Ilé adìyẹ opó yẹn, igi ìdáná ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Àkọ́bí rẹ̀ ló sì ń ṣẹ́ igi náà tà.

Ó ń bí mi nínú títí dòní, Fọlárìn. Kì í ṣe nítorí pé ó jókòó síta. Ọ̀pọ̀ wa ló ń jókòó síta. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, ká ní kò nawọ́ sókè ni, ẹnìkan nínú àwa tó gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá yẹn ìbá ti pe ọmọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo wa wò ó pé ẹni tó gba iṣẹ́ náà ti ṣe é. A fa báàgì wa, a gba ilé lọ.

Ọwọ́ tí ìwọ náà nà nìyẹn. Tí o bá mọ̀ pé ìdí fọ́tò lo máa wà, lọ bá akọ̀wé lónìí kí o ní o ò ṣe mọ́. Ojú á tì ọ́ díẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n tí o bá máa ṣe é, jókòó kí o sì gbọ́ títí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹnìkan wà níbì kan tó ti pọn omi adìyẹ rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí o bá kọ ló máa bù sí i.