Ìkọ́ Idẹ Arówólò

Ní ìlú Òkè-Apá láyé ijọ́un, ilé kan wà tí oyè olórí ọdẹ kì í kúrò níbẹ̀. Ọdẹ́jìmí ló jẹ oyè náà kẹ́yìn. Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, Àwẹ̀ró, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyẹn sì bí fún un, Ìlọ̀rí. Nígbà tí Ọdẹ́jìmí kú, àbúrò rẹ̀ Arówólò di baálé, oyè ọdẹ sì kan Ìlọ̀rí. Arówólò kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó fẹ́ràn ohun tó ń dán ni. Bí ó bá ra ọ̀bẹ, ó ní láti dán. Bí ó bá sì ti dán, kò ní bèèrè bóyá ó mú.

Ẹni tí yóò jẹ olórí ọdẹ ní Òkè-Apá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ ère ẹni tó jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ère tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tó ń dá dúró nílẹ̀. Pátákó ńlá ni, tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lójú, tí wọ́n sì ń gbé kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ títí yóò fi dé àtàrí, ẹni náà kò gbọdọ̀ mira. Ìgbà náà ni wọn yóò tó gbé ọrun lé e lọ́wọ́. Ọlọ́nàdé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ní kó gbẹ́ ti Ọdẹ́jìmí. Inú igi apá tó ti gbó ló gbẹ́ ẹ sí, ó gba ọdún méjì gbáko. Ó gbẹ́ Ọdẹ́jìmí pẹ̀lú ọrun lọ́wọ́, ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹkùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Pátákó náà ga ju ọkùnrin lọ, ó sì nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

Àṣà ilé náà ni pé ọmọ ilé kì í ru ère àgbà ilé. Wọ́n ní ẹni tó bá rù ú ti sin òkú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó ilé ní í rù ú. Nítorí náà, ìyàwó mẹ́ta ló lọ gbé e nílé Ọlọ́nàdé. Àwẹ̀ró ló ṣíwájú, torí ọkọ rẹ̀ ló wà lójú igi. Wọ́n to òṣùká sórí, àwọn ará ilé Ọlọ́nàdé gbé pátákó lé wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀nà tí ọmọdé lè sáré dé láìmí gúlegúle, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dúró fara ti igi sinmi. Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn, wọ́n kúnlẹ̀ pọ̀, wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì gbé e ti ògiri. Ọkùnrin kankan kò fọwọ́ kàn án.

Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọrùn Àwẹ̀ró kò fi yí sọ́tùn-ún, tí kò yí sósì. Àdí gbígbóná ló ń fi ra á láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹnìkan bá pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń yí padà. Arówólò fi í ṣẹ̀rín, ó ní ìyàwó wọn ti di ọba, kì í bojú wẹ̀yìn mọ́. Àwẹ̀ró bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọmọ òun yóò jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ìyẹn sì tó òun.

Ọ̀ràn wá kan ohun tí wọn yóò fi gbé pátákó kọ́. Ògúndìran alágbẹ̀dẹ gbé irin mẹ́ta wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó apá ọkùnrin láti ìgúnpá dé orí ìka. Wọ́n dúdú, wọ́n rí págunpàgun. Ó ní òun yóò lu ògiri já, irin yóò wọlé láti iwájú, yóò yọ lẹ́yìn, òun yóò wá fi irin pẹlẹbẹ há a níbẹ̀, òun yóò sì tẹ imú rẹ̀ kọrọdọ. Ó ní bí òjò bá tilẹ̀ wó ilé, irin náà yóò ṣì rọ̀ mọ́ ògiri tó bá kù.

Arówólò yí irin kan wò, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ògúndìran, ṣé màlúù la fẹ́ so ni? Yàrá mi ló wà lẹ́yìn ògiri yìí. Ṣé kí irin rẹ wá máa na imú sí mi lórí ibùsùn ni?"

Àwọn àgbà ilé rẹ́rìn-ín. Arówólò tú aṣọ kan, ó sì kó ìkọ́ idẹ mẹ́rin jáde. Ọwọ́ oníṣòwò kan tó ti etí òkun wá ló ti rà wọ́n, ó sọ pé irú rẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń gbé dígí kọ́. Wọ́n dán débi pé ojú ẹni hàn nínú wọn. Ọ̀kan kò gùn ju ìka àárín lọ.

Ògúndìran ní, "Baálé, ìkọ́ kúkúrú nínú ògiri amọ̀, eyín inú ẹnu arúgbó ni."

 Arówólò dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo pátákó láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń ra iṣu lọ́jà. Ó ní òun ti wò ó, kò ju ilẹ̀kùn lọ, ìkọ́ mẹ́rin yóò pín ẹrù rẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn àgbà náà wò ó. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ju ilẹ̀kùn lọ.

Àwẹ̀ró ló gbé omi wá fún wọn. Ó gbé igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, kò rí bí ilẹ̀kùn. Ẹ bi àwa tí a rù ú."

Arówólò kò bínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi fèsì, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ìyá Ìlọ̀rí, ìyàwó ilé ní í rù ú, ọmọ ilé ní í gbé e kọ́. Ẹ ti ṣe tiyín."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ògúndìran kó irin rẹ̀ padà sílé. Wọ́n kan ìkọ́ mẹ́rin mọ́ ògiri, wọ́n ta okùn kọjá igi àjà, ọkùnrin mẹ́jọ sì dúró sí àgbàlá, wọ́n fà á. Ọkùnrin mẹ́jọ tó di okùn kan mú kò lè mọ ìwọ̀n ohun tó wà lórí okùn. Pátákó gòkè, ó jókòó sórí ìkọ́, gbogbo wọn sì yìn ín pé ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́. Wọ́n dá oyè sí ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Àwẹ̀ró ló máa ń gbá gbọ̀ngàn láàárọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó rí eruku pupa díẹ̀ lábẹ́ ìkọ́ apá òsì. Ó gbá a. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún wà níbẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹjọ, ó ti kún ẹ̀kúnwọ́. Ó bu eruku náà sínú igbá, ó gbé e lọ fún Arówólò. Arówólò ní agbọ́n ló ń gbẹ́ ògiri, kó lọ fín èéfín sí i. Àwẹ̀ró lọ bá Ògúndìran pé kó bá òun tún bẹ baálé. Ògúndìran ní wọ́n ti pe òun ní arọ-irin-màlúù lójú àwọn àgbà, òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun rìn wọ ilé náà àyàfi tí wọ́n bá pe òun.

Ó kù sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó bẹ Ìlọ̀rí pé tó bá dọjọ́ náà, kó sún àga síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì péré. Ìlọ̀rí kọ̀.

"Ìyá mi, bí mo bá sún àga, wọn á ní ẹ̀rù ère bàbá mi ń bà mí. Ta ni yóò tẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ igbó?"

 Ohun tí Ọdẹ́jìmí ìbá sọ gan-an nìyẹn. Àwẹ̀ró lọ sóko, ó gé igi ẹlẹ́ka méjì, ó fi ti pátákó náà láti ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so jìngbìnnì. Láti ọjọ́ náà, eruku dín kù. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí oorun sùn.

Nígbà tí ọjọ́ oyè dé, Arówólò wọ gbọ̀ngàn ní ìdájí láti wo bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Ó rí igi ẹlẹ́ka méjèèjì. Ó bèèrè ẹni tó sọ gbọ̀ngàn oyè di oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì. Ó ní kí wọ́n fa wọ́n yọ, wọ́n sì fà wọ́n yọ. Ìdí ààrò ni Àwẹ̀ró wà nígbà náà. Nígbà tó máa fi jáde, ìlú ti kún gbọ̀ngàn, Ìlọ̀rí sì ti jókòó sábẹ́ ère, ọwọ́ lórí orúnkún.

Oòrùn ń gòkè bọ̀. Àwọn ọdẹ tó wà níta bẹ̀rẹ̀ sí í yin ìbọn láti bu ọlá fún olórí wọn tuntun. Ìbọn àkọ́kọ́ dún, ògiri gbọ̀n, eruku pupa rọ sí èjìká Ìlọ̀rí. Kò gbọ̀n ọ́n dànù. Ìbọn kejì dún. Àwẹ̀ró ń ti àwọn ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìlọ̀rí gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ó gbé ojú sókè wò ó, ṣùgbọ́n kò mira, nítorí oòrùn kò tí ì dé àtàrí. Ìbọn kẹta dún. Ìkọ́ apá òsì yọ pọ́n, mẹ́ta tó kù sì tẹ̀ lé e, pátákó wó lu Ìlọ̀rí.

Kò kú. Orí kúrò lọ́nà, èjìká ọ̀tún àti ọwọ́ ọ̀tún ló gbà á. Ẹni tó ń to eegun ṣe gbogbo ohun tó mọ̀ fún oṣù márùn-ún. Ọgbẹ́ jiná, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà rọ, ó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lè fa ọrun kò sì lè ṣe olórí ọdẹ. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n sì mú Ọdẹ́níyì, ọmọ Arówólò, láti jẹ oyè náà.

Ìjókòó yẹn kan náà ni wọ́n ti pe Àwẹ̀ró. Arówólò kó ìkọ́ idẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Kò sí èyí tó tẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́. Wọ́n ṣì ń dán.

Ó ní, "Ẹ wò ó. Kò sí ohun tó ṣe ìkọ́. Ìyá Ìlọ̀rí, ẹnu rẹ ló já a. Láti ọjọ́ tí a ti gbé e kọ́ lo ti ń pè é kó jábọ́."

Àwọn kan mi orí. Ẹlòmíràn ní igi ẹlẹ́ka tó fi tì í ló tú ìkọ́. Àwẹ̀ró wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.  Ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Kí Ọdẹ́níyì tó lè jókòó, wọ́n gbọ́dọ̀ tún pátákó náà ṣe, nítorí ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ọlọ́nàdé pé kó wá, ó ní irinṣẹ́ òun kì í kúrò lábẹ́ àtíbàbà òun. Arówólò bá pe àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n wá rù ú. Àwọn méjì to òṣùká sórí. Àwẹ̀ró jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Ó ní, "Ọkọ mi, èmi kò rù ú mọ́. Ẹ̀yin lẹ fi ojú wò ó, tí ẹ ní kò ju ilẹ̀kùn lọ. Ẹ jẹ́ kí ojú yín rù ú."

Àwọn méjì tó kù wo ara wọn. Wọ́n sọ òṣùká sílẹ̀. Arówólò bẹ̀ wọ́n, ó tún halẹ̀ mọ́ wọn. Wọ́n dúró bí òpó. Ọjọ́ oyè sì ti sún mọ́. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nílé náà ló ṣẹlẹ̀: Arówólò, Ọdẹ́níyì àti ìbátan wọn kan bọ́ sábẹ́ pátákó. Nígbà tí wọ́n máa fi kọjá ẹnu ọ̀nà, Arówólò ti ń wá ibi tí yóò fara tì. Wọn kò tí ì rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé Ọlọ́nàdé tí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ lulẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó di ọrùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n sinmi kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí iṣẹ́ ilé tó bẹ̀rẹ̀, Arówólò fúnra rẹ̀ lọ sílé Ògúndìran, ó sì gba irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n lu ògiri já, imú irin yọ sí yàrá rẹ̀, òkè ibùsùn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí Ọlọ́nàdé tún pátákó ṣe tán, wọ́n gbé e padà wá kọ́ sórí irin náà. Irin tí wọn kò fi gba Ìlọ̀rí là ni wọ́n fi gba Ọdẹ́níyì là. Ìbọn ọjọ́ oyè dún títí, ògiri gbọ̀n, pátákó kò mì.

Lẹ́yìn oyè, Arówólò wá sí ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró. Ó fẹ́ bojú wẹ̀yìn wo bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò gbà. Gbogbo ara ló fi yí padà.

Ó bi í pé, "Ìyàwó wa, ṣé bó ṣe wúwo tó nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Àwẹ̀ró ń fọ ọwọ́ rírọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè.

Ó ní, "Mo kúnlẹ̀ sọ fún yín. Ẹ kò bi ọrùn tó rù ú, ojú yín lẹ bi."

 Àwẹ̀ró kò fi ìjókòó lọ̀ ọ́, Arówólò sì bá tirẹ̀ lọ. Kò tọrọ àforíjì, bẹ́ẹ̀ ni oyè kò padà, ọwọ́ kò sì padà. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ, ọ̀rọ̀ náà sì rìn ju ẹsẹ̀ Arówólò lọ. Láti ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró ni òwe náà ti jáde, tó fi di pé títí dòní, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó jókòó ní gbẹ̀fẹ́ tó ń ṣírò ẹrù ẹlẹ́rù, wọn a ní: Ojú kì í wọn ẹrù, ọrùn ní í wọ̀n ọ́n.