Ohun Tí Àkókó Ń Wá Nínú Igi

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, tí èèyàn lè jókòó sí ìdí ààrò kí ó máa gbọ́ igbe ọ̀bọ, ẹyẹ àkókó kì í gbá igi. Ẹnu rẹ̀ rọ̀ nígbà náà. Èso pípọ́n ni ó ń jẹ, ìròyìn ni ó sì fẹ́ràn jù. Àwọn tí wọ́n sọ ìtàn yìí fún mi sọ pé ayé ìgbà náà dùn, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ọdẹ kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó fi ìbọn ṣakabùlà kan sílẹ̀ fún un. Àtàmátàsé ni bàbá sọ ìbọn náà. Ní ayé bàbá, orúkọ yìí ro ó. Bí ó bá ti dún, kí ìyàwó ilé gbé omi kaná ni. Ọdẹ́jìnmí a máa rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń nu ìbọn náà ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti rántí, omi a lé sí i lójú.

Ṣùgbọ́n ìbọn ti darúgbó. Inú rẹ̀ ti jẹ, ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Bí Ọdẹ́jìnmí bá wo ọ̀yà, ìdí ọ̀pẹ ni ọta ń lọ. Àwọn ọmọdé yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ń pè é ní Àtàmábà. Ọmọdé ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń dunni.

Ní ọjọ́ kan tí gbogbo ọdẹ jọ wọ igbó, ọta Àtàmátàsé yà bàrá, ó bọ́ sí iwájú ẹsẹ̀ Olúọ́dẹ, olórí wọn.

Olúọ́dẹ fò sókè. "Ọdẹ́jìnmí! Ṣé èmi ni ẹtu?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, bàbá. Ìbọn ló ṣì."

"Ìbọn tí kò ríran mọ́ kì í bá wa wọ igbó. Ìpàdé wa di ọjọ́ mẹ́tàdínlógún òní. Bí ó bá ba ewé kókò ní ogójì ìṣísẹ̀, máa gbé e lọ. Bí kò bá bà á, alágbẹ̀dẹ ni yóò gbà á, yóò fi rọ ọkọ́."

Ọdẹ́jìnmí gbá ìbọn bàbá rẹ̀ mọ́ àyà lọ sílé.

Nínú òjé tí bàbá fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn náà láti máa fi ṣe ọta, èyí tó kù kò ju obì kan lọ. Òjé wọ́n ní ìgbà náà, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà wá ti dí. Ọta kan péré ni èyí tó wà nílé lè ṣe. Bí Ọdẹ́jìnmí bá yìn ín, ó gbọ́dọ̀ rí i padà kí ó tó lè tún un yọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni èéfín ṣakabùlà kì í jẹ́ kí ẹni tó yìn ín rí ibi tí ọta gbà.

Ó lọ bá Àkókó. "Àkókó, ìwọ tí o ń gbé òkè, bá mi jókòó sórí ẹ̀ka. Ibi tí ọta bá wọ̀ ni kí o máa wò, kí o bá mi yọ ọ́ wá."

"Kí ni n ó rí gbà níbẹ̀?"

"N kò ní yìnbọn lu ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín láéláé."

Àkókó gbà. Kí Ọdẹ́jìnmí má baà ṣèèṣì yìnbọn lù ú láàárín ewé, ó fi osùn pa á lórí. Ẹ wò ó dáadáa, osùn náà ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí yọ́ òjé nínú ṣíbí irin lórí èédú, ó dà á sínú ihò tí ó fi ìka lu sínú amọ̀. Ọta yìí kéré. Ó ń mì nínú ìbọn bí ẹ̀pà gbígbẹ nínú èèpo. Nígbà tí ó yìn ín, ó yà sí apá òsì, ó há sára igi ayùnrẹ́. Àkókó fi ẹnu yọ ọ́, ó gbé e wá.

Ọdẹ́jìnmí mú ìda oyin, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹnu ìbọn títí ó fi gba ìwọ̀n ihò náà gan-an. Ó fi amọ̀ tútù bo ìda, ó gbé e sí oòrùn. Nígbà tí amọ̀ gbẹ, ó fi iná yọ́ ìda jáde, ó da òjé sí i. Ó yìn ín, ó yà sí apá ọ̀tún. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọta sì yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó jókòó sí ìdí igi, ó káwọ́ lérí. "Àkókó, ìwọ̀n tí mo mú kò ṣì. Kí ló dé?"

Àkókó yí ọrùn. "Bàbá ọdẹ, àwọn ìyá amọ̀kòkò tó wà létí odò, ṣé bí ìkòkò wọn ṣe tóbi ní tútù náà ló ṣe ń tóbi bó bá gbẹ?"

Ọdẹ́jìnmí fò dìde. "Yéè! Ó ń súnkì! Amọ̀ súnkì, ihò inú rẹ̀ náà súnkì! Orí rẹ pé, Àkókó!"

Ó fi díẹ̀ kún ìda náà. Nígbà tí amọ̀ máa fi gbẹ, ìpàdé ti di ọ̀la. Ó da gbogbo òjé sí i. Ọta tí ó jáde wọ inú ìbọn ṣinṣin. Ó so ewé kókò mọ́ ẹ̀ka, ó ka ogójì ìṣísẹ̀, ó yìnbọn.

Gbòà!

Nígbà tí èéfín ká kúrò, ihò wà ní àárín gbùngbùn ewé.

"Ó bà á! Ó bà á!" Àkókó ń pariwo. Ó fò yí ewé náà ká, ó ki orí bọ inú ihò náà. Ó sáré lọ sọ fún àdàbà, ó sọ fún agbe, ó sọ fún ọ̀kẹ́rẹ́. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ó tó padà dé.

Ọdẹ́jìnmí na ọwọ́. "Ọta dà?"

Àkókó yíjú sí igbó. Àwọn ọta ìṣáájú kò lágbára, igi tó wà nítòsí ni wọ́n ń há sí. Èyí la ewé kọjá, ó wọ igbó lọ.

"Ihò ni mo ń wò," ni Àkókó wí.

"Èmi náà rí ihò! Ojú mi ni mo fi ọ́ ṣe lórí ẹ̀ka yẹn, Àkókó, ìwọ wá ń wo ihò!" Ọdẹ́jìnmí sunkún, kò fi pamọ́.

Ojú ti Àkókó gidigidi. "Bàbá ọdẹ, mo búra, n ó wá a rí. Igi tí òjé bá wà nínú rẹ̀ kò ní dún bí igi yòókù. N ó kan gbogbo igi inú igbó yìí." Ó sì bẹ̀rẹ̀: kó-kó-kó. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò rí i.

Ọdẹ́jìnmí ki òkúta wẹ́wẹ́ sínú ìbọn, ó lọ sí ìpàdé. Ó fi ewé tó ní ihò han Olúọ́dẹ. Olúọ́dẹ wò ó títí, àánú ṣe é.

"Ọmọ mi, mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ọdẹ ni a ti ń yìn ín."

Òkúta fọ́n ká, ọ̀kankan kò kan ewé. Alágbẹ̀dẹ gba Àtàmátàsé, ó fi rọ ọkọ́.

Ọkọ́ náà dára o, ká má parọ́. Ọdẹ́jìnmí fi kọ ebè, iṣu rẹ̀ sì ta. Ọdún gorí ọdún, ó hu ewú. Ní ọjọ́ kan tí ó ń ro oko, ó gbọ́ kó-kó-kó létí oko. Àkókó ni. Ẹnu rẹ̀ ti le, ó ti mú bí ìṣó.

"Àkókó, sọ̀kalẹ̀ wá jẹ ìbẹ́pẹ. Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ìbọn náà ló di ọkọ́ ọwọ́ mi yìí. Kí ni mo tún fẹ́ fi ọta ṣe?"

Àkókó gbé etí lé igi, ó mi orí. "Ó ku igi kan, bàbá ọdẹ."

"Igi kan náà lo ní ó kù lọ́dún tó kọjá."

"Ó ku igi kan," ni Àkókó wí, ó sì fò lọ.

Láti ọjọ́ tí ọta náà ti sọnù ni àkókó ti ń gbá igi. Á gbá a, á dákẹ́ díẹ̀, á tún gbá a. Nígbà èwe mi, ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni mo ti máa ń gbọ́ ọ ní kùtùkùtù. Nísinsìnyí wọ́n ti gé igbó yẹn, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Bí ẹ̀yin bá gbọ́ ọ níbìkan, ẹ má pariwo, ẹ rọra kọjá. Nígbà tó bá dákẹ́ yẹn, ó ń tẹ́tí ni.